Ìyá Mi Tó ń Súfèé ní Ọjà'ba

Òórùn àdín gbígbóná àti ti eérú ló máa ń jí mi láàárọ̀ nínú agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, kì í ṣe àkùkọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi á ti dáná sí ẹ̀yìnkùlé, á ti gbé ìkòkò irin ńlá kaná, á sì máa fi ọmọrógùn gígùn ro ọṣẹ dúdú. Èéfín yẹn á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á ta mí nímú, n ó sì sín lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti sín báyìí, ìyá mi á ti gbọ́. Á ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Sìdíkátù! Dìde, oòrùn ti fẹ́ wá bá ọ lórí ẹní!" Ohùn rẹ̀ á la yàrá mẹ́ta kọjá kó tó kàn mí, síbẹ̀ kò ní dín kù.

Ọṣẹ àti kànrìnkànrìn ni ìyá mi ń tà ní Ọjà'ba. Ìsọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló fi sílẹ̀ fún un nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí òun lè máa lọ sọ́jà mọ́. Àwọn ọlọ́ṣẹ pọ̀ ní ìlà yẹn, ọṣẹ wọn kò sì burú, ṣùgbọ́n ìpolówó ìyá mi ló ń fa èrò. Bí a bá ṣíwọ́ iléèwé, tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ yẹn, mo ti máa ń gbọ́ ọ láàrin ariwo ọjà:

"Ẹ wá ra ọṣẹ o! Ọṣẹ tí í fọ orí, tí í fọ ara! Ọṣẹ Ìyá Sìdí kì í ta ni lójú!"

Àwọn ẹgbẹ́ mi á gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á máa fi kọrin tẹ̀ lé mi. Èmi á ṣe bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n orí mi á wú. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn ẹ mọ̀ pé ẹni tí ìyá rẹ̀ bá lókìkí lọ́jà, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Ìyá mi fúnra rẹ̀ kò fi ohùn yẹn ṣe ìgbéraga. Ó kàn máa ń sọ pé, "Ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíì ní ilé. Èmi, ohùn mi ni ṣọ́ọ̀bù mi." Bí èmi àti àwọn àbúrò mi bá ń jà, á pè wá jókòó, á ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ohùn líle ló sì máa ń fi sọ ọ́.

Ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ni gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, a ò sì kà á sí. Nígbà tó yá, ó tó ọsàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn bò ó, òógùn ìbáà máa bo gbogbo wa. Lẹ́yìn náà oúnjẹ kò fẹ́ lọ dáadáa mọ́, bó bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí rẹ̀ á máa dún bí ayùn. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀ ní Bẹẹrẹ, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́jọ́ kan, ó sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà kò tàn wọ́n jẹ. Bàbá mi sọ fún wa nígbà tí a dàgbà pé dókítà náà fi ọwọ́ júwe ọ̀fun ara rẹ̀ fún wọn, ó ní iṣan tó ń darí ohùn gba ẹ̀yìn gẹ̀gẹ̀ náà gan-an, pé òun á ṣọ́ra, ṣùgbọ́n òun ò lè búra. Ìyá mi ló dáhùn. Ó ní, "Ẹ gé e. Ẹni tó bá wà láyé ló ń polówó."

Wọ́n gé e. Ó yè é. Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n mú un dé, gbogbo agboolé ti pé síta, Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ti rù díẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé ọrùn rẹ̀. Mo sáré lọ dì mọ́ ọn ní ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di orí mi mú, ó la ẹnu, ó sì pe orúkọ mi. Mo rí i tí ètè rẹ̀ pè é. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde kò ju ìró ewé gbígbẹ tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ lọ.

Dókítà ti ní ohùn náà lè padà, ó sì lè má padà, kí a ní sùúrù. Nǹkan ìyanu kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ìyá mi ò lè sọ ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá ti rọra sọ̀rọ̀ sí ọ létí, ìwọ náà á ṣàdédé rọra fèsì. Bó ṣe di pé agboolé tí ariwo kì í tán nínú rẹ̀ dákẹ́ nìyẹn, bí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Bàbá mi ló fòpin sí i. Ó dé láti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó bá wa tí a ń fẹnu jẹ ọ̀rọ̀ bí eku, ó sì pariwo pé, "Kò sẹ́ni tó kú níbí! Ẹ la ohùn yín!"

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá mi ní òun ń padà sọ́jà. Ọjọ́ Sátidé ni, mo tẹ̀ lé e. Ó to ọṣẹ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tò ó, ó nu ara kànrìnkànrìn, ó jókòó. Àwọn ọlọ́ṣẹ yòókù ń ké lọ́tùn-ún, wọ́n ń ké lósì. Àwọn èrò ń kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ṣófo. Obìnrin kan dúró, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ. Ìyá mi fèsì. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀ẹ́n?" Ìyá mi tún fèsì. Obìnrin náà tẹ orí sílẹ̀, ó ní òun ò gbọ́. Kí n tó lè ti ẹ̀yìn sọ ọ́ fún un, ó ti jágbe, ó ní, "Ṣé èmi ni ẹ ń ṣe fọ́n-ń-té sí ni?" Ó sì kọjá sí ìsọ̀ kejì. A gbé àwo ọṣẹ náà padà sílé bí a ṣe gbé e lọ. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó ń wo ojú títì. Kò sunkún. Ì bá sàn fún mi ká ní ó sunkún. Lọ́jọ́ kejì kò dáná ọṣẹ, mo sì sùn títí oòrùn fi bá mi lórí ẹní lóòótọ́.

Èmi ní ẹ̀ṣẹ̀ kan nígbà náà tí gbogbo ilé mọ̀. Mo máa ń súfèé. Èjí iwájú ẹnu mi fẹ̀ dáadáa, mo sì ti rí i láti kékeré pé bí mo bá fi ahọ́n tì í lẹ́yìn, tí mo rọra fẹ́ atẹ́gùn, ìró dídán kan á jáde tó lè pe ajá láti òdìkejì títì. Ìyá Àgbà kórìíra rẹ̀. "Obìnrin kì í súfèé," ló máa ń wí, "ejò lò ń pè yẹn." Ó ti tìtorí rẹ̀ fún mi létí, ó ti fi ọwọ̀ lù mí ní ìdí, ó ti fẹjọ́ mi sun bàbá mi lẹ́ẹ̀mélòó kan. N ó ní n ò ṣe mọ́. Bí mo bá dé ojú ọ̀nà iléèwé, èjí mi á máa yún mi.

Iléèwé wa wà lókè lọ́hùn-ún lápá Mápó, iléèwé àwọn Áńgílíkà ni, ṣùgbọ́n àwa ọmọ ìmàle pọ̀ níbẹ̀. Tíṣà Akíntáyọ̀ ló ń kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún. Ẹni gíga ni, tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í kan bàtà, tó ní ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bò lẹ́yìn. Ó máa ń gbé ìwé yẹn bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Inú rẹ̀ ló ti máa ń mú ọ̀rọ̀ ẹyọ kan jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, a ó sì máa tú u wò títí di àkókò ìsinmi.

Lọ́jọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí ìyá mi ti pa ọṣẹ tì, ọ̀rọ̀ tó mú jáde ni whistle. Ó ní kí n dìde kà á. Mo wo lẹ́tà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n ò fẹ́ kí ọ̀kankan ṣòfò, mo ní, "Wísí-tí-lì." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Wísù là ń pè é. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi í rẹ́rìn-ín, ohun tó rí ló kà." Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà T. "Lẹ́tà yìí wà níbẹ̀, ó kàn dákẹ́ ni. A kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí pé kò sọ̀rọ̀ yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, n ó sì fún un ní òdo."

N ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ṣì wà lórí ìdúró, ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lójú mi.

Tíṣà ò bi mí léèrè níwájú àwọn ọmọ. Ó ní kí n jókòó, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ó ní òyìnbó ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí à ń fi ètè ṣe, èyí tí àwa ń pè ní ìfé. Wọ́n tún ń lò ó fún fèrè tí rẹfirí ń fọn lórí pápá. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fẹ́ wọ ìlú tó fọn, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni. Ẹyẹ, atẹ́gùn tó ń gba inú igi páìnì ẹ̀gbẹ́ pápá wa kọjá, omi tíì tó bá hó nínú ìkòkò ẹlẹ́nu ṣóńṣó, gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ní àwọn àgbà òyìnbó láyé àtijọ́ tilẹ̀ máa ń fi pe ọ̀fun: bí wọ́n bá fẹ́ mu nǹkan, wọ́n á ní àwọn ń lọ fi omi tọ́ ìfé àwọn. A tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, pẹ̀lú omi lójú.

Nígbà ìsinmi, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a lábẹ́ igi páìnì náà. "Sìdíkátù, kí ló dé?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí ohùn ìyá mi ṣe lọ, bí wọ́n ṣe jágbe mọ́ ọn lọ́jà, bí kò ṣe ro ọṣẹ mọ́. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wá nǹkan kiri nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìka.

Ó ní, "Wá wò ó. Ìwé yìí sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ lónìí ti pẹ́ gan-an, pé àwọn ará àtijọ́ kàn fi ìró náà sọ ọ́ lórúkọ ni. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹnu jáde, ó ń dún fíìì, wọ́n sì pè é bó ṣe dún. Àwa náà kọ́ rèé? Pe súfèé jẹ́jẹ́. Fèé. Ṣé o ò gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀?"

Mo pè é. Mo gbọ́ ọ.

Ó ṣí ojú ewé míì. "Ọ̀rọ̀ kejì rèé: whisper. Òun ni kí á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìwé ní ibì kan náà ni òun àti èyí àkọ́kọ́ ti wá. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Atẹ́gùn lásán ni àwọn méjèèjì, kò sí ohùn nínú wọn."

N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Sà, ṣé ẹni tó lè ṣe ọ̀kan lè ṣe èkejì?"

Tíṣà pa ìwé dé, ó wò mí tìtì. Ó ní òun kì í ṣe dókítà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àmọ́ n ò rí ohun tó ní kó má lè ṣe é."

Mo sáré délé lọ́jọ́ náà débi pé bàtà mi kan já ní ìsàlẹ̀ Mápó, mo mú un lọ́wọ́ wá sílé. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo dà á bò ó: whistle, whisper, atẹ́gùn, ọmọ ìyá. Ó kọ́kọ́ ń wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tó yé e, ó mi orí, ó sì fi ìka tọ́ka sí yàrá Ìyá Àgbà.

Mo ní, "Ọjọ́ Àìkú. Wọ́n máa ń lọ sí Asaláátù."

Báyìí la bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí Ìyá Àgbà bá ti kó ìborùn funfun rẹ̀ lọ síbi àdúrà Asaláátù, èmi àti ìyá mi á lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọṣẹ tó ti tutù. Èmi ni olùkọ́. Mo ní kí ó fi omi tọ́ ètè, kó ká ahọ́n, kó má fẹ́ ẹ jù. Kò ní èjí bíi tèmi, nítorí náà a ní láti wá ọ̀nà míì. Ó fẹ́ títí, atẹ́gùn nìkan ló ń jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fẹ́ itọ́ sí mi lójú, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kò ní ìró ni, èjìká rẹ̀ ló kàn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n n ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti ti ilé ìwòsàn dé.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni ìró àkọ́kọ́ jáde, tínínrín, bí ti ọmọ ẹyẹ. Òun fúnra rẹ̀ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló ṣe é. Láti ọjọ́ náà kò nílò mi mọ́. Bó bá ń gbálẹ̀, bó bá ń wẹ àwọn àbúrò mi, tí Ìyá Àgbà ò sí nítòsí, á máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo ń fa omi, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí. Mo ní, "Mà!" mo sì yíjú. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ètè rẹ̀ ṣù pọ̀. Ó tún fẹ́ ẹ. Ìró kan wálẹ̀, méjì lọ sókè, ọ̀kan padà wálẹ̀. Sì-dí-ká-tù. Kì í ṣe orin, orúkọ mi ni. Okùn kànga bọ́ lọ́wọ́ mi, garawa já sínú omi, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

Èdè wa gbà á, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òkè ń bẹ nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ń bẹ, ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n lè fẹ́ sọ kò nílò gbogbo lẹ́tà. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyá mi ti ń fi ìfé pe àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń fi sọ pé ká wá jẹun, ó ń fi sọ pé kí wọ́n kúrò nídìí iná. Títí di ọjọ́ Àìkú tí Asaláátù tètè tú.

A ò gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Ìyá mi dúró láàrin ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ìfé sú ìpolówó rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ wá ra ọṣẹ o, ọṣẹ tí í fọ orí, tí í fọ ara. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, Ìyá Àgbà wà ní ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ń dúró kí ọ̀pá bà mí, nítorí mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá náà kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ní, "Nínú ilé mi," kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹ nínú oúnjẹ tí ìyá mi gbé síwájú rẹ̀. Bàbá mi wọlé lọ bá a, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó jáde, ó kàn sọ fún ìyá mi pé, "Máa ṣe é lọ́jà, má ṣe é nílé."

Ìyá mi wá ro ọṣẹ. Òórùn náà jí mi, mo sín, ṣùgbọ́n ìfé ló dá mi lóhùn dípò ohùn, ó kéré, kí Ìyá Àgbà má baà gbọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi polówó lọ́jà, àwọn èrò dúró. Àwọn tó ti mọ ìpolówó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kedere, ẹnì kan kígbe pé, "Ìyá Sìdí ti dé!" Ó ta ọṣẹ díẹ̀. Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ tí olórí àwọn ọlọ́ṣẹ ìlà yẹn, obìnrin sísanra tí a ń pè ní Ìyá Alága, fi dé, tòun ti àwọn méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Sìdí, a bá ẹ kẹ́dùn ohun tó ṣe ẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í súfèé lọ́jà. Ṣé ejò lo fẹ́ pè wá bá wa ni? Bí o ò bá lè polówó bí èèyàn, gbé ọṣẹ ẹ fún ẹlòmíì tà."

Ìyá mi fẹ́ ṣàlàyé. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ ti àwo ọṣẹ wa sẹ́yìn díẹ̀, kò tì í dà nù, ó kàn tì í bí ẹni ti nǹkan ìdọ̀tí. A dì í, a gbé e lọ sílé.

Èmi ni mo sọ fún Ìyá Àgbà. N ò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun, àfi pé òun ló kọ́kọ́ bi mí ìdí tí mo fi ń sunkún. Mo rò pé yóò ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó bi mí pé, "Ta ló fi ẹsẹ̀ ti ọṣẹ?" Mo sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n lọ nu ojú mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ìyá mi kò tíì pinnu bóyá kí òun lọ àbí kí òun jókòó, Ìyá Àgbà jáde nínú ìró rẹ̀ tó dára jù, ó fi ìpèlé lé èjìká, ó ní kí n gbé àpótí ìjókòó òun.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dé Ọjà'ba. A dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nà kí orúnkún rẹ̀ lè sinmi. Ìyá mi ń ru ọṣẹ bọ̀ lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó padà, Ìyá Àgbà sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí a dé ìlà ọlọ́ṣẹ, àwọn àgbà ibẹ̀ dá a mọ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń kí i, ẹ káàbọ̀ ìyá wa, ẹ mà pẹ́ láyé o. Ìyá Alága náà wá kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà jẹ́ kó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀.

Ó wá ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sí ìlà yìí. Ìgbà tí mo dé ibí, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Èmi ni mo ní kí ìyàwó mi máa súfèé. Ẹni tí ejò bá bù jẹ nínú yín, kó wá fi ẹsẹ̀ hàn mí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Alága ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa. A ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ, ó sì wo ìyá mi. "Ó yá. Polówó."

Gbogbo ojú wà lára ìyá mi. Ó ṣù ètè pọ̀, ó fẹ́. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ó tún fẹ́, kò dún. Ẹ̀rù ti gbẹ itọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti na kọ́ọ̀bù omi rẹ̀ sí i. Ó ní, "Fi omi tọ́ ètè ẹ. Má fẹ́ ẹ jù."

Ìyá mi gba kọ́ọ̀bù náà, òun náà wò mí, èmi náà wò ó. Fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn ọjọ́ Àìkú kan wà tí kò tíì kúrò nílé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi mu omi, ó fi ahọ́n lá ètè, ó sì fi ìfé sú ìpolówó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó la ọjà já. Alábàárù kan tó ń ru àpò gàrí kọjá lápá kejì gbà á, ó fi ọ̀rọ̀ sí i lóhùn rara pé, "Ọṣẹ Ìyá Sìdí kì í ta ni lójú!" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wá.

Nígbà tí a ń padà sílé, Ìyá Àgbà dúró láti sinmi, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí àwa méjèèjì. "Ọjà ni mo sọ o. Ẹni tó bá sú u nínú ilé mi, yóò rí mi." Títí ó fi re ọ̀run, kò yí ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Ohùn ìyá mi padà díẹ̀ kí ọdún náà tó parí, ó há, ó sì máa ń dá bó bá pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Kò padà sí bó ṣe wà. Ìfé ló fi polówó títí ó fi darúgbó, òun ló fi rán wa níléèwé, àwọn ọmọdé tó dé Ọjà'ba lẹ́yìn wa kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti fi ohùn polówó rí. Ọdún kẹfà rèé tó ti lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi náà ti di ìyá àgbà. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń gbé lápá Mọ́lété báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, tí a jọ kọ́ni ní iléèwé kan fún ọdún gbọọrọ, tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá gúnlẹ̀, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Mo ń fi èso ránṣẹ́. Mo ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, mo ń béèrè àlàáfíà. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n ò mọ ohun tí èèyàn ń bá ẹni tí kò lè fèsì sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ tí àrùn náà kò mú mú, n ò sì rí ọ̀rọ̀ sọ fún bíi wákàtí kan. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lápá kan ẹnu. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn, tó mú bàtà kan lọ́wọ́ sáré wálé, ì bá ti wá nǹkan ṣe kó tó rí ibi jókòó sí. Èmi, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ àti ohun tí mo ti kọ́ni, oṣù méje ló gbà mí kí n tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.